Ọ̀rọ̀ Kékeré Náà, “Ní,” Nínú Ìwé Ìròyìn

Ó ti ju ọgọ́jọ ọdún lọ tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1859. Láti ìgbà náà wá, ìwé ìròyìn púpọ̀ ni ó ti dìde ní èdè wa, tí púpọ̀ sì ti wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí kò sí èyí tí ó lè ṣe láìlò ó nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni “ní.”

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. A fi ń sọ ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn: “Ìjọ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì.” Bí “láti” bá tẹ̀lé e, ó di ọ̀ranyàn: “A ní láti san owó orí.” Bákan náà ni a ń pè é nígbà tí a bá ń tọ́ka ibi tàbí ìgbà: “ní Ìbàdàn,” “ní ọjọ́ Ajé.” Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó níyelórí jù lọ́wọ́ oníròyìn ni ti ìsọ̀rọ̀: “Ọba ní ìjà ti parí.” Nípa rẹ̀ ni oníròyìn fi ń dá ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́, kí ó má baà di tirẹ̀.

Iṣẹ́ yìí gba ìṣọ́ra. Bí a bá kọ ọ́ pé, “Akápò ní òun kó owó náà lọ sí ilé,” ti ara rẹ̀ ni akápò ń sọ. Bí a bá kọ ọ́ pé, “Akápò ní ó kó owó náà lọ sí ilé,” ẹlòmíràn ni a ti fi ẹ̀sùn kàn. Lẹ́tà méjì péré ni ó jábọ́, orúkọ ènìyàn kan sì bá a lọ. Àmì ohùn pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀ṣọ́: “Olùkọ́ ni kò wá” dá olùkọ́ lẹ́bi, “Olùkọ́ ní kò wá” sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí lórí ẹlòmíràn. Ìwé tí a tẹ̀ láìsí àmì kò jẹ́ kí a mọ èwo ni èwo.

Àwọn oníròyìn kan rò pé àìmọ̀kọ ni kí “ní” máa hàn léraléra. Nítorí náà wọn a kọ “ó ní” ní ìlà kìn-ín-ní, “ó jẹ́wọ́” ní ìkejì, “ó fi hàn gbangba” ní ìkẹta. A kò lòdì sí ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́wọ́ ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ohun tí a sì fi hàn ti di òtítọ́. “Ní” kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Oníròyìn tí ó kọ “jẹ́wọ́” nítorí adùn ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

Èyí tí ó burú jù ni “wọ́n ní.” Ta ni wọ́n? “Wọ́n” lè jẹ́ ogún ènìyàn. Ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò sí rárá. Ní ìlú kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé kan kọ “wọ́n ní” nípa obìnrin oníṣòwò kan. A wá ẹni tí ó sọ ọ́, a kò rí i. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà obìnrin náà kò padà wá.

Nítorí náà, kí oníròyìn kọ “ní” láìtijú, iye ìgbà tí ó bá yẹ. Kí ó fi orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Kí ó sì yẹ “ó” àti “òun” wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi ìwé rẹ̀ fún òǹtẹ̀wé. Àwọn àgbà wí pé, ìròyìn kò tó àfojúbà. Nígbà tí òǹkàwé kò lè fi ojú ara rẹ̀ bà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde.