Ẹyọ Lẹ́tà Kan Ló Fi Ṣe Àmín

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò ìyá mi tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, na fóònù wọn sí mi. “Gbà, bá mi wo nǹkan yìí. Àbí fóònù obìnrin yìí ti bàjẹ́ ni?” Oníbàárà wọn kan ni wọ́n kọ̀wé sí. Wọ́n kí i, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n sọ fún un pé léèsì rẹ̀ ti dé, wọ́n wá fi àdúrà dé e lórí: ẹ̀mí rẹ̀ á lò ó, ayọ̀ ni yóò fi ṣe. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú fóònù. Ìdáhùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ lẹ́tà kan lọ: K.

Mo ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí. Ó ní òun ti gbọ́ ni.”

“Kí ló gbọ́?”

“Ó ní ó dáa.”

Wọ́n gba fóònù wọn, wọ́n tún un wò. “Gbogbo àdúrà tí mo gbà yìí, ẹyọ lẹ́tà kan ló fi ṣe àmín?”

Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi délé. Yorùbá kò kórìíra ọ̀rọ̀ kúkúrú. Àwa la ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ohun tó dun Àǹtí ni pé ààbọ̀ tí wọ́n fún wọn dé inú wọn, kò di odindi.

Àwọn ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń di odindi pọ̀ lórí fóònù wa, wọ́n sì dùn ún wò. Bí ọjọ́ ìbí ẹnì kan nínú ẹbí bá pé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, WhatsApp ẹbí á ti kún fún HBD. Ẹ kú ọjọ́ ìbí ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn ń wí. LLNP á tẹ̀ lé e: ẹ̀mí gígùn àti àlùbáríkà. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ni, HML ló máa wọlé, kí ilé ọkọ àti ìyàwó tùbà tùṣẹ. IJN ló sábà ń ti ilẹ̀kùn àdúrà, ní orúkọ Jésù. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá ní kàyéfì, SMH ni, ìyẹn ni pé mo mi orí títí. Bí ó bá pani lẹ́rìn-ín, òyìnbó á kọ LOL, pé ẹ̀rín òun jáde sókè. Ẹ̀rín yẹn kéré lójú ọmọ Nàìjíríà. LWKMD ni tiwa, ẹ̀rín tó fẹ́ gbẹ̀mí ẹni. BRB ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé ẹni náà ń lọ, kò ní í pẹ́ dé. Ta ni kò mọ ìyẹn nílẹ̀ wa? Ẹni tó dìde láàárín àwùjọ, tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tó sì ní “mò ń bọ̀”, kí ló kù tí kò tíì sọ?

Àwọn kan nínú wọn ti wà nígboro kí fóònù alágbèéká tó dé. JJC ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “OYO lo wà”, kì í ṣe ìlú Aláàfin ni wọ́n ní ó wà. Wọ́n ní kó lọ dá ẹrù rẹ̀ gbé, kò sẹ́ni tí yóò bá a dá sí i.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó kọ́ wa ní ìkékúrú orí fóònù, owó ni. Lọ́dún 1985, ní ìlú Bonn lórílẹ̀-èdè Jámánì, Friedhelm Hillebrand, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ oríṣiríṣi gbólóhùn, ó ń ka lẹ́tà àti àlàfo inú wọn. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kọjá 160. Ibẹ̀ ni 160 ti di ìwọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí à ń sanwó fún. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992, Neil Papworth fi kọ̀ǹpútà kí ẹnì kan kú ọdún Kérésìmesì sórí fóònù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtẹ̀jíṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láyé.

Nígbà tí GSM dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó sọ “hẹ́lò” lásán, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, àfi ìgbà tí Glo dé lọ́dún 2003 tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá gbowó. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti ń tán lọ a máa fíláàṣì: bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó ti délé, bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí a pe òun. Ẹni tó bá sì lówó àtẹ̀jíṣẹ́, ìka rẹ̀ ló máa jìyà. Lórí fóònù ìgbà náà, orí bọ́tìnnì 7 ni lẹ́tà s wà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo máa tẹ̀ ẹ́ kó tó jáde. Láti kọ “ese” lásán, láìsí àmì, láìsí àlàfo, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ìka máa tẹ bọ́tìnnì. Ta ló wá fẹ́ dá ẹni tó kọ tnx lẹ́bi?

Bí mo bá rí b4 tàbí gr8, níbi tí nọ́ńbà ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ nítorí ìró orúkọ rẹ̀, àwọn baba ńlá wa ni mo máa ń rántí. Ọmọkùnrin tó rí ọmọge, tí kò mọ bí yóò ṣe là á lẹ́nu, á sin owó ẹyọ mẹ́fà sórí okùn, á fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà: ọkàn mi ń fà sí ọ. Bí ọmọge náà bá gbà, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn. Ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ, bó ṣe rí lọ́kàn tìrẹ ló rí lọ́kàn tèmi. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lanu. Ìró nọ́ńbà ló ru ìfẹ́ lọ, òun náà ló rù ú bọ̀. Àrokò là ń pè é. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tó bá rí okùn náà he lójú ọ̀nà, owó ni yóò rò pé òun rí.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ọmọ ìwòyí ló fi ìkékúrú ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kí wọ́n rọra. Lọ́dún 1917, Lord Fisher, àgbà ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà sí Winston Churchill, ó sì kọ OMG sínú rẹ̀, bí ẹni ń ké pé “Ọlọ́run mi o!” Ẹni ọdún 76 ni bàbá náà nígbà yẹn. Ó di ọdún 2011 kí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford tó gba OMG àti LOL wọlé.

Àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa ṣini lọ́nà. David Cameron tó ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi LOL parí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ sí Rebekah Brooks, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó rò pé ìfẹ́ ló fi ń kí i. Obìnrin náà ló là á yé e pé ẹ̀rín ni, òun náà ló sì sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ Leveson tó ń ṣèwádìí àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn lọ́dún 2012. Tiwa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ohùn ni ìtumọ̀ wa ń gbé. Ká ní ẹni tó ń ta oògùn kọ̀wé sí bàbá àgbà kan pé, “Baba, ogun yin ti de.” Ẹyọ o kan ló yọ, àmì ló fò. Ṣé ogun ló dé, ká máa sá? Àbí ogún, ká máa pín in? Bàbá tó ń retí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí máa di odindi nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun yóò kọ ọ́ bó ṣe tọ́, kó tọ́jú owó. Bí ẹ tàbí ọ kan ṣoṣo bá ti wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, 160 á já sí 70, torí lẹ́tà wa kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó jọ fún iṣẹ́ náà. Àmì tí olùkọ́ ń bẹ̀ wá pé ká má fò, òun náà là ń sanwó lé.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ń ka lẹ́tà mọ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ojú ewé mẹ́ta lè kọ ọ́. Síbẹ̀, HBD kò kú. Ọ̀wọ́n ló bí i, àjọmọ̀ ló ń tọ́ ọ: ẹni tó kọ LWKMD sí ọ ti gbà pé o wà nínú agbo. Àwa náà tí à ń ké pls kúrú la sì ń fa “haaaaaa” gùn bí okùn kànga, nítorí igbe kò ṣeé ké kúrú. Àwọn ọ̀dọ́ pàápàá mọ ìwọ̀n. KK ni wọ́n fi ń gbà pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Ẹyọ K kan ṣoṣo, inú ló sábà ń bí ẹni tó kọ ọ́. Àṣé Àǹtí kò ṣi nǹkan náà gbọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n bá mi fi áńkárá yáàdì mẹ́fà sílẹ̀. Ìdáhùn wọn dé kíá: K. Ẹ̀rín ni mò ń rín lọ́wọ́ tí fóònù fi dún.

“Ṣé o rí kéè mi?”

“Mo rí i, mà.”

“Ẹn-ẹ́n. Mo ní kí n pè ọ́, kó o má baà rò pé mò ń bínú. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ti ti ilé ìwé dé? Aṣọ ẹ wà nílẹ̀ o. Ẹ̀mí ẹ á lò ó, ayọ̀ ni wàá fi ṣe...”

Mo dúró títí àdúrà náà fi parí, mo sì ṣe àmín, odindi.