Ohùn Wolof, Ìwé Faransé: Àyẹ̀wò Ilé Hip Hop ti Pikine

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń ṣe lámèyítọ́ ibùdó tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìgboro, ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bi í: ǹjẹ́ ó mú àwọn ọmọ kúrò ní ìta? Ǹjẹ́ ó fún wọn ní iṣẹ́ ọwọ́? Ìbéèrè pàtàkì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ibùdó náà bá jẹ́ ti hip hop, níbi tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà, ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè béèrè ẹ̀kẹta: èdè wo ni wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀, èdè wo ni wọ́n sì fi ń kọ̀wé? Africulturban, ibùdó tí ó wà ní Pikine lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ni mo fẹ́ fi ìbéèrè yìí wò.

Ọdún 1952 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn kúrò láàárín Dakar lọ sí Pikine. Ibẹ̀ ti di ìlú ńlá báyìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, omíyalé kì í sì í jẹ́ kí ará ibẹ̀ gbádùn. Ti ọdún 2005 burú jáì. Ní ọdún 2006 ni Matador, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ akọrin rap tí à ń pè ní WA BMG 44, dá Africulturban sílẹ̀. Nọ́ńbà 44 yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń rán ni létí àwọn sójà ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn Faransé yìnbọn pa ní Thiaroye ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, nígbà tí wọ́n ń béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ẹni tí ó jáde láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn, ó sì mọ ohun tí orúkọ lè ṣe.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni ti hip hop nínú ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé inú gbọ̀ngàn ìlò gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ní yàrá ìgbafẹ́ ilé ńlá kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé ní Bronx, New York, ni Cindy Campbell ti ṣe àríyá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kool Herc, ti gbé àwo orin sí i. Owó aṣọ ilé-ìwé ni ọmọbìnrin náà ń wá, ó sì gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, gbọ̀ngàn, ọ̀dọ́ àti ìṣirò owó ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ kìíní. Ti pé tassu, ewì alohùn tí àwọn obìnrin Wolof ń ké pẹ̀lú ìlù, ni ìyá rap, èyí tí àwọn Daara J fi orúkọ àwo wọn, Boomerang (2003), gbé lárugẹ, àfiwé tí ó dùn ún gbọ́ ni. Ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Pikine kò kúkú nílò rẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó níyì.

Iṣẹ́ náà sì níyì. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Hip Hop Akademy ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ DJ, gbígba ohùn sílẹ̀, yíya fídíò, yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, àti bí a ti ń polówó orin àti bí a ti ń darí olórin. Ẹni tí ilé-ìwé ìjọba ti lé dànù lè rí nǹkan gidi dì mú níbẹ̀. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú kún ẹ̀kọ́ wọn. Ibí yìí gan-an ni ara ti ń fu mí. Nínú àwọn àpèjúwe tí a ṣe nípa ètò ẹ̀kọ́ náà, n kò rí ìkọsílẹ̀ èdè Wolof, bẹ́ẹ̀ ni Wolof ni àwọn ọmọ náà fi ń ronú, tí wọ́n fi ń kọrin, tí wọ́n fi ń bá ara wọn jà.

Kì í ṣe pé Wolof kò ní àkọtọ́. Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ti fi ọwọ́ sí ọ̀kan ní ọdún 1971. Ṣùgbọ́n nítorí pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ọ̀pọ̀ ará Dakar, títí kan àwọn olórin, ń kọ Wolof bí ẹni ń kọ Faransé. Èdè náà kò ní ohùn bíi ti Yorùbá. Gígùn fáwẹ̀lì àti ìlọ́po kọ́ńsónáńtì ni ó fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Xol ni ọkàn, xool ni kí a wo nǹkan. Bët ni ẹyinjú, bëtt ni kí a dá nǹkan lu. Akọrin rap mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, torí pé orí gígùn àti kúkúrú wọn ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lé ìlù. Etí rẹ̀ kì í ṣì í. Kálàmù rẹ̀ ni kò rí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kọ.

Ẹni tí ó bá rò pé Wolof kò lè ru ẹrù ọ̀rọ̀ ìlú, kí ó wo Journal Rappé tí Xuman àti Keyti bẹ̀rẹ̀ ní 2013: Xuman ń fi Faransé rap ìròyìn, Keyti ń fi Wolof rap tirẹ̀, Wolof kò sì ṣe ọmọ ẹ̀yìn fún èkejì.

Àwàdà ńlá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú ilé àṣà tí ó ń jẹ́ orúkọ Léopold Sédar Senghor ni Africulturban fìdí kalẹ̀ sí ní Pikine. Senghor, onímọ̀ gírámà Faransé, ni ààrẹ tí ìjọba rẹ̀ fòfin de fíìmù Ousmane Sembène, Ceddo (1977), tí ó ní d kan ni ó tọ́, kì í ṣe méjì. Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó wà nídìí ìfòfindè náà. Bí ó ti wù kí ó rí, d kan ṣoṣo ti tó ohun tí ìjọba àti òǹkọ̀wé ń torí rẹ̀ jà, ní ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ ọ̀rọ̀ bí ó bá ti wá sí wọn lọ́wọ́ lónìí.

Mo mọ ohun tí alábòójútó ibùdó yóò fi dá mi lóhùn. Yóò ní gbohùngbohùn ni àwọn ọmọ bá wá, kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé. Bí òun bá sọ ibẹ̀ di kíláàsì, wọn yóò sá. Yóò ní àwọn àjọ tí ń fún ni lówó kò gba ìwé ìbéèrè tí a fi Wolof kọ. Èsì kejì wúwo, n kò sì ní ojútùú rẹ̀ lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ kò wọ̀ mí létí, nítorí pé ìwé kíkọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: orí ìwé ìpolówó, ara àwo, ọ̀rọ̀ tí ń kọjá nísàlẹ̀ fídíò. Kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ti ń ya ìwé ìpolówó ni kí àkọtọ́ wọ̀, láìsí orúkọ ẹ̀kọ́ tuntun kankan.

Àwa Yorùbá kò lẹ́nu láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àkọtọ́ tiwa ti wà láti 1974. Láti ìgbà tí Dagrin ti gbé C.E.O. jáde ní 2009, rap Yorùbá ti gba ìgboro kan, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀: kò sí àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni orí ohùn ni ìdajì ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dúró lé. Ti àwọn ọmọ Pikine tí ń sọ Pulaar àti Serer nílé, tí Wolof alára jẹ́ èdè àkọ́kúntẹni fún, iṣẹ́ mìíràn ni, ó sì le ju èyí lọ.