Ẹ̀rù Tí A Mọ Òpin Rẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ, kí ọmọ náà sì máa bẹ̀ mí pé kí n tún un ṣe. Ẹ̀rọ ìṣeré ni mo ń tọ́jú ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: jangilọ́fà onírin, àwọn ẹranko onígi tí ń yí òpó po, àti ilé afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní bouncing castle. Ilé ẹ̀kọ́ máa ń háyà wa fún àṣeyẹ ìparí ọdún, òbí máa ń háyà wa fún ọjọ́ ìbí, bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá sì wọlé dé, a kì í sinmi. A ń kó ẹrù wa lọ sí Masífà, a ń kó o lọ sí Ìláwọ̀, a sì máa ń gba ọ̀nà Ìwó àti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń wò wá bí ẹni tó ń fi eré ọmọdé jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí iṣẹ́ mìíràn tó ń gba ojú, etí àti ọwọ́ ènìyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀ kò gùn. Ẹ̀rù méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò parí sí. Ìyẹn kì í ṣe eré. Èkejì ni èyí tí ẹnì kan ti mọ òpin rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó jókòó sórí ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n, òun ló fi ń pariwo. Èmi tí mo dúró nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, títí dórí bóòtù tó kéré jù.

Ìlú yìí ti mọ irú ẹ̀rù kejì yẹn kí ẹ̀rọ kankan tó dé. Nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, àdúgbò Ìsàlẹ̀ Òṣọlọ́ àti ti Òkè Màpó máa ń kojú ara wọn, wọ́n á sì fi àtòrì na ara wọn ní gbangba. Pàṣán ń dun ènìyàn, kì í ṣe àfẹnujẹ́. Síbẹ̀ ìjà náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí a ti ń parí rẹ̀, bí ó bá sì ti parí, àna á tún di àna, ọ̀rẹ́ á tún di ọ̀rẹ́. N kò fi òrìṣà ìlú wé ohun ìṣeré o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó ṣẹ̀dá ọdún yẹn mọ̀ pé ara ènìyàn máa ń fẹ́ kí àyà òun já, bí ó bá ti ní ẹni tó mú okùn rẹ̀ dání.

Nínú gbogbo ohun tí mo ní, jangilọ́fà ni mo fẹ́ràn jù. Ta ni ó dàgbà ní abúlé tí kò gùn ún rí? Okùn méjì lára ẹ̀ka máńgòrò, pákó kan láàárín, ó parí. Kò mu epo, kò fẹ́ iná. Ọmọ tó jókòó sórí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bó bá na ẹsẹ̀ nígbà tó ń lọ síwájú, tó sì ká a nígbà tó ń padà, yóò máa ga sí i láìsí ẹni tó ń tì í. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé jangilọ́fà kì í ṣe ojúsàájú. Ọmọ tó sanra àti ọmọ tó tín-ín-rín, àsìkò kan náà ni yóò fi gbé wọn lọ tí yóò fi gbé wọn bọ̀, nítorí inú gígùn okùn ni àsìkò yẹn wà, kò sí nínú ìwúwo ẹni tó gùn ún. Galileo ará Ítálì ti wádìí ọ̀rọ̀ ohun tó rọ̀ tó sì ń fì ní ohun tó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn, ìmọ̀ yẹn kan náà ni mo ń lò nígbà tí mo bá dúró lọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin ẹ̀rọ mi. Okùn tàbí ṣéènì tó gùn ní mítà 2 yóò lọ, yóò sì bọ̀, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá tí kò pé 3. Bí ẹ bá fẹ́ kí àsìkò yẹn di ìlọ́po méjì, mítà 4 kò tó. Mítà 8 ni. Ìdí nìyí tí jangilọ́fà ara igi ńlá fi ń dùn ju ti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lọ: ó máa ń fi ọmọ sílẹ̀ pẹ́ lókè, níbi tí ìdí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí pákó, tí inú sì ń ṣófo. Gbogbo ìgbà ni èmi àti wẹ́dà máa ń jiyàn lórí èyí. Ó fẹ́ dín páìpù kù, èmi fẹ́ kí ọmọ rí ojú ọ̀run. Ibi tí n kò ti ní gbà rárá ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀: yanrìn rírọ̀, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tilẹ̀ sọ pé yanrìn ń dọ̀tí àgbàlá.

Ẹṣin ni àwọn òyìnbó sábà máa ń gbẹ́ sórí ẹ̀rọ tó ń yí òpó po. Tiwa ní ẹṣin, ó ní àgbọ̀nrín, ó ní ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n méjì ni àwọn ọmọ ń tìtorí rẹ̀ du ìtò: Erin àti Idì. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò yóò ti mọ ohun tó fà á. Àwọn bàbá wa ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìgbà pípẹ́, débi pé ènìyàn lè gbọ́ èdè Faransé lọ́jà wa láìrin ìrìn àjò, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan sì máa ń wálé nígbà ọdún. Mo kun Erin ní àwọ̀ ọsàn nítorí Les Éléphants, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Mo kun Idì ní àwọ̀ ewé nítorí Super Eagles tiwa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Côte d'Ivoire na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan, inú agboolé kan náà ni ẹkún àti ijó ti pàdé. Láti ìgbà náà ni ìtò Erin ti gùn sí i. Àwọn tó ti Abidjan dé á máa pè mí ní tonton, ẹ̀rọ kò sì tíì dúró tán tí wọ́n á ti máa ké pé “Encore!” Àwọn tó dàgbà sílé á ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe!” Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí.

Mo máa ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ, ayàwòrán tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń bá mi kọ ọ́. Jangilọ́fà ń jẹ́ Gbé Mi Ròkè. Èyí tó ń yára yí jù ń jẹ́ Má Fòyà. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ọmọ tó dúró sórí ìtò tó ń ka Má Fòyà, tó sì ń rí i tí ó ń sáré, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún kí ó tó kàn án. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ńlá ní òkè òkun mọ èyí dáadáa. Láti ọdún 1927 ni wọ́n ti ń gun Cyclone, ọkọ̀ ìṣeré tó ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí irin, ní Coney Island ní New York, ìjì ni orúkọ náà sì ti fi ń kìlọ̀ fún èrò kí wọ́n tó sanwó. Èyí tó ga jù láyé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ̀, tí gíga rẹ̀ tó mítà 139 ní New Jersey, ń jẹ́ Kingda Ka. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i, ọdún 2025 ni wọ́n wó o. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn ni, ó sì yé mi.

Ní Trans Amusement Park ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ tó ga ju ilé lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tí mo dàgbà, mo padà sí ìlú yẹn láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tó ń darí ọkọ̀ ojú omi tó ń fì. Ẹ ti rí irú rẹ̀: ọkọ̀ gbọọrọ tí wọ́n so rọ̀ sórí òpó, tó ń lọ síwá sẹ́yìn títí imú rẹ̀ á fi máa kọjú sókè. Táyà kan wà ní abẹ́ rẹ̀ tí mọ́tò ń yí. Gbogbo ìgbà tí ìdí ọkọ̀ bá kọjá lórí táyà yẹn ni táyà ń tì í díẹ̀. Gbogbo àṣírí rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: jangilọ́fà ni, ẹlòmíràn ló kàn ń bá wọn na ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láàárín á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni inú rẹ̀ ń lọ sókè. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé jókòó sí ìpẹ̀kun ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ òòlù. Kí èrò tó dé láàárọ̀, ó máa ń mú òòlù kékeré, á sì máa kan bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóòtù tó le á dún gooro. Èyí tó ti ń tú á dún bò. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin, kí ó lè jẹ́ pé bí nọ́ọ̀tì bá yí díẹ̀ péré, ìlà náà á já, ojú á sì rí i láti òkèèrè. Títí dòní, gbogbo ẹ̀rọ mi ló ní ìlà funfun yẹn. Lẹ́yìn òòlù, gíríìsì. Lẹ́yìn gíríìsì, ẹ̀rọ á yí lófìfo, láìsí èrò.

Ọ̀pọ̀ ohun tó ń dáàbò bo èrò ni èrò kò ní rí láé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. LaMarcus Thompson ṣí ọkọ̀ orí òkè-àti-pẹ̀tẹ́lẹ̀ tirẹ̀, irú tó ṣáájú Cyclone, ní Coney Island ní ọdún 1884, sẹ́ǹtì 5 ni owó rẹ̀, eré rẹ̀ kò sì ju kìlómítà 10 ní wákàtí kan lọ. Ọ̀kadà Èjìgbò á yà á sílẹ̀. Kí ló wá jẹ́ kí àwọn tó tẹ̀ lé e lè sáré tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan nínú wọn ni, John Miller. Ní ọdún 1919, ó gba ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi sí abẹ́ irin ojú ọ̀nà, tó ń di ọkọ̀ mú láti ìsàlẹ̀ kí ó má bàa fò kúrò. Ẹni tó ń pariwo lókè kò mọ̀ pé ohun kan ń dì í mú lábẹ́.

Bí a bá ti yẹ irin wò tán, etí ló kù. Mo kórìíra ẹ̀rọ orin tí wọ́n máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ wa níbi àṣeyẹ, mo sì máa ń bẹ ẹni tó ni ín pé kí ó gbé e jìnnà. Bẹ́ríìnì tó fẹ́ bàjẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ọmọ pẹ̀lú máa ń sọ̀rọ̀. Igbe ayọ̀ máa ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ti rẹlẹ̀, igbe náà á rẹlẹ̀. Igbe ẹ̀rù gidi kì í rẹlẹ̀. Èyí tó tún le jù ni ti ọmọ tó ń ké tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lójijì, tí ojú rẹ̀ kò wo ibì kan. Bí mo bá ti rí i, n kì í bi ìyá rẹ̀ léèrè. Mo ń fa bíréékì.

Ilé afẹ́fẹ́ ni àwọn òbí máa ń fọkàn tán jù, òun ni mo ń bẹ̀rù jù. Ó rọ̀, ó láwọ̀, ó dà bí ẹni pé kò lè pa eṣinṣin. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní Devonport ní erékùṣù Tasmania ní Ọsirélíà, atẹ́gùn gbé irú rẹ̀ níbi àjọyọ̀ ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọmọ 6 ló kú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìròyìn yẹn ni mo ti mú òfin tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ní òfin tèmi: èèkàn kò gbọdọ̀ dín ní 6, a kì í sì í gbé e dúró bí atẹ́gùn bá ti kọjá kìlómítà 38 ní wákàtí kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ Èjìgbò le, èèkàn irin á wọlé tipátipá, kò sì ní mira. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé ni mo máa ń ṣọ́ra. Ilẹ̀ ti rọ̀, ìjì sì ń ṣáájú òjò láìkan ilẹ̀kùn. Bí mo bá ti rí i tí ewé ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, mo ti ń kó ọmọ jáde nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó rí òjò. Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí á ní, “Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá yìí, oòrùn ṣì ń ràn!” Màá ní, “Ẹ má bínú, mà.” Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà wà ńbẹ̀. Ojú rírán aṣọ náà ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ dákẹ́. N kì í gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba, ọmọọṣẹ́ kan kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó dúró ti jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ fún Èjìgbò báyìí ni kẹ̀kẹ́ ńlá tó dúró lóòró, irú èyí tí George Ferris gbé kalẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1893. Tirẹ̀ ga tó mítà 80, ó ní àgọ́ 36, ènìyàn 60 sì ń wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kò bèèrè tó bẹ́ẹ̀. Mítà 15 tó, kí ọmọ lè rí òrùlé ìlú rẹ̀ láti òkè, kí ó tọ́ka sí ilé wọn, kí ó sì rí ibi tí ọ̀nà gbà lọ sí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. A kì í kó èrò sí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ̀léra-tẹ̀léra. Bí o bá fi èrò sí ìjókòó kan, o ó yí i dé ìdajì, o ó fi èrò sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí apá kan má bàa wúwo ju èkejì lọ kí ó sì já mọ́ bíréékì lọ́wọ́. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ mi pẹ̀lú ìdérí ìkòkò àti òkúta wẹ́wẹ́.

Ilẹ̀ wà. Owó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò yàwòrán rẹ̀, tí yóò sì fọwọ́ sí i, n kò ní gbà kí wẹ́dà fojú díwọ̀n. Ìpìlẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbẹ́. Kọnkéré á lo ọjọ́ 28 kí ó tó le tó bí a ṣe fẹ́, a ó máa bomi rin ín kí ó má bàa sán. Lẹ́yìn náà ni òpó, lẹ́yìn òpó ni kẹ̀kẹ́, òòlù, àti ìlà funfun. Àpò yanrìn tó wúwo ju ènìyàn lọ ni yóò kọ́kọ́ gùn ún, ní gbogbo ìjókòó, títí ẹnjiníà á fi ní ó tó. Èmi ni n ó tẹ̀ lé àpò yanrìn, kí a tó ṣí ìtò fún àwọn ọmọ.