Agọ̀ àti Ipa Ẹsẹ̀ nínú Ìwé Bitcoin

Ìwé olójú-ewé 9 tí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé jáde ní 2008 lórí owó bitcoin kò ṣèlérí tó èyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń kà mọ́ ọn. Ìsọ̀rí kẹwàá ṣàlàyé pé gbogbo ayé ni yóò máa rí bí owó ṣe ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni yóò dípò orúkọ. Agọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yìí: ó bo ojú egúngún, kò bo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé bí a bá kó owó láti orí kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ pọ̀ láti san nǹkan, ó hàn pé ẹnì kan náà ló ni wọ́n. Àléébù iṣẹ́ rẹ̀ ni pé gbólóhùn méjì péré ló fi ṣe ìkìlọ̀ ńlá yìí.

Nígbà tí SatoshiDice dé ní 2012, gbangba ìwé àkọsílẹ̀ tí kì í parẹ́ ni àwọn èèyàn ti ń ta tẹ́tẹ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gba ojú ihò yẹn kó ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ jọ sábẹ́ olówó wọn. Ẹni tó bá ń fi ìwé yìí dá ara rẹ̀ lójú pé àṣírí òun bò, kí ó tún ìsọ̀rí kẹwàá kà.