Bí Káàdì Bá Di Oúnjẹ, Ta Ni Ebi Ń Pa?

Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń wo káàdì tarot. Ọgbọ́n kan tí wọ́n máa ń dá fún ọmọ iṣẹ́ ni pé kó gbé káàdì sílẹ̀, kó sì bi ara rẹ̀ pé: bí èyí bá jẹ́ oúnjẹ, oúnjẹ wo ni? Ẹnì kan lè pe Oòrùn ní ọsàn tó pọ́n, kó pe Ikú ní kọfí tí kò ní ṣúgà. Wọ́n ní ohun tí ahọ́n bá ti tọ́ wò, orí kì í gbàgbé rẹ̀. Mo gbé ọgbọ́n náà yẹ̀ wò. Ó dáa níbì kan, ó sì kù díẹ̀ káàtó níbì kan.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì sá o. Káàdì tarot kì í ṣe ohun tó jábọ́ láti ọ̀run. Eré ni wọ́n ń fi í ṣe ní apá àríwá Ítálì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ní 1781 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Antoine Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò ní ẹ̀rí, ṣùgbọ́n àròsọ rẹ̀ dùn, ayé sì gbé e mì bí ẹ̀kọ.

Káàdì náà jẹ́ 78. Àgbà inú wọn jẹ́ 22. 56 tó kù pín sí ilé mẹ́rin: ọ̀pá, ife, idà àti owó. Èyí tó lókìkí jù jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909. Arthur Edward Waite ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀, Pamela Colman Smith ló ya àwòrán rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́, bí ife bá jẹ́ mẹ́ta, ife mẹ́ta lásán ni wọn yóò yà. Obìnrin yìí ní tirẹ̀ ya àwòrán tó ń sọ ìtàn.

Ibi tí ọgbọ́n oúnjẹ ti dáa nìyẹn: oúnjẹ ti wà nínú àwòrán tẹ́lẹ̀. Ọkà tó gbó wà níwájú Ọbabìnrin. Èso wà lẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin mẹ́ta tó gbé ife sókè nínú Ife Mẹ́ta. Ẹni tó bá ti dé òde ìnáwó rí, kò nílò ìwé kó tó mọ ọkùnrin inú Ife Mẹ́sàn-án. Ó jókòó, ó ká apá mọ́ àyà, ife tò lẹ́yìn rẹ̀. Ó yó, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun yó.

Àmọ́ ibi tó ti wọ́ ńkọ́? Ahọ́n kálukú ló ní tirẹ̀. Bí Ikú bá jẹ́ kọfí tó korò, ẹni tó fẹ́ràn kíkorò ńkọ́? Nílé wa níbí, oúnjẹ gan-an la fi ń wádìí ọ̀rọ̀. À ń da obì, awẹ́ mẹ́rin. Èyí tó ṣí àti èyí tó dojú dé là ń wò. Ní Kúbà, àgbọn ni àwọn olórìṣà fi rọ́pò obì. Síbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ kí awo sọ pé nítorí àgbọn dùn, iṣẹ́ tó jẹ́ dùn. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe adùn ẹnu.

Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ń wá oúnjẹ kiri inú káàdì kì í rí ebi. Ẹ wo Owó Márùn-ún. Àwọn méjì ń ráre nínú yìnyín, ọ̀kan ń fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn, wọ́n ń kọjá lábẹ́ fèrèsé tí iná ń tàn. Kí la ó fi wé ìyẹn? Búrẹ́dì gbígbẹ ni àbí ọbẹ̀ tútù? Rárá o. Àìsí oúnjẹ ni káàdì yẹn. Nínú Owó Mẹ́fà, ọlọ́lá kan mú òṣùwọ̀n dání, ó ń fi owó sọ́wọ́ àwọn tó kúnlẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ kì í ṣe "kí ni wọ́n ń jẹ?" "Ta ló di ṣíbí mú?" ni.

Ẹ má pe èyí ní ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó lọ wo káàdì ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, owó ló sì san. Bí ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ bá jókòó síwájú yín, tí ẹ sọ fún un pé káàdì rẹ̀ jọ ọbẹ̀ tútù, ẹ̀gàn lẹ fi kún ebi rẹ̀. Ẹ bi káàdì pé ta ló ń jẹ, ta ló sè é, ta ló dúró síta. Ìtumọ̀ á jáde.

Ẹ sì wo ẹni tó ya àwòrán náà. Ní 1909 yẹn kan náà, ó kọ lẹ́tà sí Alfred Stieglitz ní New York pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ńlá kan fún owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tó kú ní Bude, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1951, gbèsè ló fi sílẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń ta káàdì náà káàkiri ayé. Ẹni tó bá fẹ́ fi oúnjẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó rántí pé ẹni tó se ọbẹ̀ yẹn kò rí ẹran mú níbẹ̀.