Olùgbàlà Tó Ní Egbò Lára

Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ wa, nílé àti lókè òkun, Jésù tí wọ́n gbé kọ́ ògiri mọ́ tónítóní. Ara rẹ̀ ń dán, irun rẹ̀ gùn, kódà lórí àgbélébùú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ju ìlà pupa tín-ín-rín kan lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, ara èèyàn ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ara yẹn kì í ṣe ara ẹni tó ń kú. Ẹ jẹ́ ká wo òmíràn.

Matthias Grünewald ló ya àwòrán pẹpẹ Isenheim, láàárín 1512 sí 1516, fún ilé àwọn mọ́ǹkì Antoni Mímọ́. Ìlú Colmar, nílẹ̀ Faransé, ló wà báyìí. Àwọn mọ́ǹkì yìí ló ń tọ́jú àwọn tí àìsàn tí wọ́n ń pè ní Iná Antoni Mímọ́ ń bá jà. Olú kékeré kan, ergot, tó máa ń hù lára ọkà rye, ló ń fà á. Àwọn tálákà á fi ọkà náà ṣe búrẹ́dì, wọ́n á jẹ ẹ́, ara wọn á máa jó wọn bí iná, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á dúdú, á sì máa jẹrà. Nígbà mìíràn, gígé ló kù.

Ẹ wá wo Jésù tí Grünewald yà. Àwọ̀ ara rẹ̀ ti ń ṣe bí ewé tó fẹ́ rà. Egbò bò ó, ẹ̀gún há sí i lára, ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́nkọ́wọ́nkọ́. Aláìsàn tí wọ́n bá gbé wá síwájú pẹpẹ á rí ara tirẹ̀ lára Olúwa. Ìbéèrè ibẹ̀ le o: ẹni tí kò gba ara rẹ̀ là, báwo ló ṣe fẹ́ gba èmi là? Ṣebí ohun tí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí àgbélébùú ń bi í náà nìyẹn.

Grünewald ò dáhùn, ńṣe ló tún dá kún un. Búrẹ́dì ló ń pa àwọn èèyàn yìí, síbẹ̀ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní oúnjẹ ìyè ni wọ́n ní kí wọ́n gbójú sókè wò. Jòhánù Onítẹ̀bọmi dúró lápá ọ̀tún, ó ń nàka sí i, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí ṣáájú ọjọ́ náà. Òkú ló ń júwe ẹni tó ń kú fún àwọn tó fẹ́ yè.

Ibi tí èmi àti ayàwòrán yìí ti fẹ́ jà ni Àjíǹde. Tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn pẹpẹ, Jésù gòkè nínú ìmọ́lẹ̀, gbogbo egbò yẹn ti lọ ráúráú. Ó yá jù lójú mi. Ó dà bí ẹ̀rí ìwòsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń fo gbogbo òru tí èèyàn fi jẹ̀rora. Ẹni tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Àmọ́ ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ojú ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àpá ò lè jọ ara. Ẹni tó borí ikú pàápàá kò pa àpá tirẹ̀ rẹ́. Ohun tó gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ayàwòrán nìkan. Títí dòní, wọ́n ń sọ fún aláìsàn tí ara rẹ̀ ò yá pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Tó bá jẹ́ pé ìwòsàn nìkan ni ìgbàlà, a jẹ́ pé Olùgbàlà ti já gbogbo àwọn tó kú ní Isenheim kulẹ̀. Grünewald ò gbà bẹ́ẹ̀: ó fi Olúwa sáàárín wọn, pẹ̀lú egbò kan náà. Àwọn mọ́ǹkì náà ò sì fi àwòrán rọ́pò ìtọ́jú. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní búrẹ́dì tó dáa, wọ́n fún wọn ní wáìnì, wọ́n fi ìpara pa ojú egbò wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n gbójú sókè. Ọ̀kan nìkan ì bá má tó.