Àká Orin tí Kì í Pariwo

Ohun èlò tí a fi ń gbọ́ orin jẹ́ ìránṣẹ́ tí ó máa ń pàṣẹ fún ọ̀gá rẹ̀. Ní 1928, nígbà tí Domingo Justus kọrin Yorùbá sínú àwo Zonophone ní ìlú London, ojú kan àwo ayé ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Orin tí à bá fi gbogbo òru jó ní láti ká ara rẹ̀ kò bí ẹni tí ó fẹ́ wọ inú àpótí. Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Columbia gbé àwo gígùn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, àyè gba olórin láti na apá, kí ó na ẹsẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey, Sunny Adé àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lè fi ojú kan àwo, bí ìṣẹ́jú 18 tàbí 20, kọ orin kan wọ inú òmíràn láìdúró. Àwo ni ó fún wọn láyè. Àwọn náà sì fi ìlù kún àyè náà. Nítorí ìdí èyí, bí ohun èlò tuntun bá tún wọ ilé wa, ó yẹ kí a bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi orin wa dà, kí a tó máa yìn ín pé ohùn rẹ̀ dùn.

Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe àká orin inú ilé. Àká ni mo pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kó orin jọ sí ojú kan, kí ó sì máa bù ú fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè nínú ilé: sípíkà ńlá inú pálọ̀, fóònù ọmọ nínú yàrá, sípíkà kékeré tí ìyá gbé sí ilé ìdáná. Èyí tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Raspberry Pi, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012 ní nǹkan bí dọ́là 35. Àwọn ará Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é, kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé pẹ̀lú káàdì tí a fi ń gba owó ní báńkì. Èyí àkọ́kọ́ kò ní fáànù, kò sí ohun kan tí ó ń yí nínú rẹ̀, iná tí ó sì ń jẹ kò ju nǹkan bí wáàtì 3 tàbí 4 lọ.

Ẹ̀rọ náà kò lè dá nǹkan ṣe láìsí ètò tí yóò máa darí rẹ̀. Ìtàn ètò tí ó wà nínú tèmi kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. SlimServer ni wọ́n ń pè é níbẹ̀rẹ̀. Ní 2006, Logitech ra iléeṣẹ́ tí ó ni ín. Ní 2012, Logitech dáwọ́ ṣíṣe Squeezebox, ẹ̀rọ tí ètò náà ń fi orin ránṣẹ́ sí, dúró. Ibi tí à bá ti kọ ìwé ìsìnkú rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlànà inú rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ tún un ṣe, àwọn tí ń lò ó kò sì jẹ́ kí ó kú. Ní 2024 ni wọ́n sọ ọ́ ní Lyrion Music Server. Oníṣòwò pa ìsọ̀ dé, ọjà kò tú.

Ìdákẹ́jẹ́ ni ohun tí àwọn olólùfẹ́ irú ẹ̀rọ yìí fi ń yangàn jù. Lójú tèmi, ẹ̀rín wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ni ìdákẹ́jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ já mọ́ nínú ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀? Síbẹ̀, àìjẹun púpọ̀ rẹ̀ ni ó ṣe wá láǹfààní. Bátìrì kékeré tí kò lè gbé fíríìjì lè gbé àká orin láti alẹ́ di òwúrọ̀, bí iná ìjọba bá lọ. Bátìrì náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí iná bá já lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sínú káàdì ìrántí rẹ̀, ohun tí ó wà nínú káàdì lè bàjẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò ní ẹ̀dà kejì nínú dísìkì mìíràn, ní ilé mìíràn bí ó bá ṣeé ṣe.

Ní ti àyè, kò sí wàhálà mọ́. Láti 2001 ni FLAC ti wà, ìlànà tí ó ń fún ohùn pọ̀ láìsọ ìdá kankan nínú rẹ̀ nù. Bí a bá fi ìwọ̀n àwo CD gba àwo oníṣẹ́jú 40 sílẹ̀, yóò gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 423. FLAC sábà máa ń dín in kù sí bí ìlàjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ̀rún àwo, tí kò sí àgbà tí ó lè gbé e lórí, yóò wọ inú dísìkì tí ó ṣeé fi sí àpò. Ní ti ìní, ọ̀rọ̀ tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń san owó oṣooṣù fún àwọn iléeṣẹ́ tí ń fi orin ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyálò ni ó yá orin. Bí owó bá dúró, orin dúró; bí àdéhùn iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹni tí ó ni orin bá sì parí, orin lè pòórá láìsí ìkìlọ̀. Ohun tí mo bá fi ọwọ́ ara mi kó sínú àká ilé mi láti ara àwo tí mo rà, kò sí ẹni tí yóò wá gbà á lóru. Mo ní ilé mi, n kò ní ọjà. Àwọn tí ń ṣe àdàkọ orin olórin tà ti jẹ àwọn olórin wa run tó.

Níbi tí mo ti yìn ín dé nìyẹn. Àléébù rẹ̀ kò sí nínú ohùn. Inú fọ́ọ̀mù tí ó ní kí a kọ fún orin kọ̀ọ̀kan ni ó wà. Kí ẹ̀rọ tó lè wá orin rí, orin náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ, orúkọ olórin, orúkọ àwo, àti ẹ̀yà tí ó jẹ́. Fọ́ọ̀mù tí ó kọ́kọ́ gbilẹ̀ ni ID3, tí Eric Kemp ṣe fún fáìlì MP3 ní 1996. Àyè lẹ́tà 30 péré ni ó fi sílẹ̀ fún orúkọ olórin. Ẹ bá mi kà á: bí a bá kọ Alhaji Sikiru Ayinde Barrister, pẹ̀lú àlàfo àárín wọn, àyè 30 ti kún, kò ku ibi tí a óò fi oyè kan sí. Chief Commander Ebenezer Obey gba 29. Àwọn Inter-Reformers, tí wọ́n lu ìlù, tí wọ́n ta gìtá, tí wọ́n sì gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, ìta ni wọ́n dúró sí. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù yìí kò mọ ilé wa.

Ní ti ẹ̀yà orin, 80 ni ó kọ sílẹ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Polka, ijó àwọn ará àárín gbùngbùn Yúróòpù, ní nọ́ńbà tirẹ̀. Jùjú kò sí níbẹ̀, àpàlà kò sí, sákárà kò sí, fújì kò sí. Èyí tí ó sún mọ́ wa ni Ethnic àti Tribal, orúkọ tí a fi ń pe orin ẹni tí a kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn fọ́ọ̀mù tí ó tẹ̀ lé e ti fẹ̀ sí i. Ti FLAC kò ka lẹ́tà lé wa lórí, ó sì jẹ́ kí a dá àyè tuntun sílẹ̀ fún ohunkóhun tí a bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ìrísí fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ètò ṣì ń gbé síwájú ẹni, ọ̀lẹ kì í sì í kọ ju ohun tí fọ́ọ̀mù bá bi í lọ. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó lápá.

Fọ́ọ̀mù náà tún gbà pé orin jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ní òpin, tí ó sì ní nọ́ńbà. Kí ni ẹyọ nínú ojú kan àwo jùjú tàbí fújì? Orúkọ orin márùn-ún lè wà lára àwo náà kí ìlù má sì dúró lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí orin kan ti ń lọ, tí èkejì ń yọjú, gángan ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá gé e sí márùn-ún, gbólóhùn tí gángan ń sọ lórí ààlà yóò pín sí méjì, ìdajì nínú fáìlì kan, ìdajì nínú òmíràn. Bí n kò bá gé e, ẹni tí ó ń wá orin kẹta yóò máa táràrà bí ẹni tí ó wọ yàrá olókùnkùn. Èyí tí ó burú jù ni bọ́tìnnì tí ń da orin rú, tí ó ń mú èyí tí ó bá wù ú ṣíwájú. Ìbà ni a fi ń ṣíde eré nílẹ̀ yìí. Olórin yóò júbà, yóò kí àwọn tí ó yẹ ní kíkí, yóò gbani níyànjú, kí ó tó tú ìlù sílẹ̀ fún ijó. Bí a bá gé àwo wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí a sì tẹ bọ́tìnnì yẹn, ijó yóò ṣíwájú ìbà, ìdágbére yóò ṣíwájú ìkíni.

Ojútùú kan wà tí mo gbà pé ó bá ìwà orin wa mu. A lè fi ojú kan àwo sílẹ̀ ní odindi nínú fáìlì kan, kí a wá kọ ìwé kékeré tì í, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní cue sheet, tí yóò sọ ìṣẹ́jú tí orin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ orin kẹta yóò bá a níbi tí ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ láti ìbà dé òpin kò ní bá ojú ọgbẹ́ kankan pàdé.

Ó ku àmì ohùn. Àwọn tí wọ́n tẹ àpò àwo láyé ìjọ́hun kì í sábà fi àmì sí i. Bí a bá rí Oko lára àwo, oko ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́? Ẹni tí ó gbọ́ orin ni yóò mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ fọ́ọ̀mù yìí ti di olóòtú, ó fẹ́ ni, ó kọ̀ ni. Bí ó bá sì kọ ọ́ dáadáa, ẹ̀rọ tún lè dà á láàmú. Lẹ́tà ẹ́ kan ṣoṣo, a lè tẹ̀ ẹ́ kí a kọ́kọ́ fi àmì sí ìsàlẹ̀, a sì lè kọ́kọ́ fi sí òkè. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀. Ètò tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n yóò sọ pé orin tí a ń wá kò sí nílé. Ọ̀nà kan ni kí agbo ilé mú, kí wọ́n sì dì í mú ṣinṣin.

Gbígba orin láti ara àwo kò ní ọ̀nà ẹ̀bùrú: àwo oníṣẹ́jú 40 yóò gba ìṣẹ́jú 40. Ọ̀pọ̀ ń ráhùn nípa èyí, ṣùgbọ́n mo kà á sí àǹfààní. Gbígbọ́ di dandan, bí a bá sì fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kí a pe àgbà sí i. Haruna Ishola gbé Òròkí Social Club jáde ní 1971. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ni ó fi orin náà kì. Bẹ́ẹ̀ ni àpàlà àti sákárà ṣe kún fún orúkọ ènìyàn, orúkọ àdúgbò àti orúkọ iṣẹ́ ọwọ́. Ta ni lágbájá tí wọ́n kì? Ọmọ ta ni? Iṣẹ́ wo ni ó ṣe? Àwọn tí ó lè dáhùn ń dín kù lọ́dọọdún, kò sì sí ètò kankan tí yóò bá wa bi wọ́n. Àyè tí FLAC fi sílẹ̀ gba gbogbo ìdáhùn wọn, títí kan orúkọ onílù tí kò sí lára àpò àwo.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹ̀rọ náà dára, owó rẹ̀ kò ga ju agbára ọ̀pọ̀ ilé lọ, ó sì dá orin padà sí ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Ẹni tí ó bá kó ẹgbẹ̀rún àwo sínú rẹ̀ láìkọ ju ohun tí fọ́ọ̀mù bi í lọ ti gba ohùn là, ó sì ti jẹ́ kí ìmọ̀ tí ó yí ohùn náà ká ṣègbé. Àká kò mọ irúgbìn. Àgbẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ní àwo mẹ́wàá péré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá náà, kí ó fi àmì sí orúkọ wọn, kí ó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n lu ìlù àti àwọn tí a lù ú fún, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà lókè eèpẹ̀.